Ìgbà tí a ń kí Ọ̀sà lórí afárá Carter

Ní ayé ìgbà tí mo ń sọ yìí, ènìyàn kì í kàn gba orí afárá Carter kọjá lásán. Omi wà lábẹ́ rẹ̀, omi náà sì ní ẹni tó ni ín. Bí o bá jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, tàbí tí ẹni tó tọ́ ọ bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀, wàá kí i. Bí o kò bá sì fẹ́ kí i nítorí pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ́, tàbí nítorí pé ààfáà ni bàbá rẹ, wàá kúkú panu mọ́ títí ẹsẹ̀ rẹ yóò fi kan ilẹ̀ gbígbẹ ní Ìdúmọ̀tà. Ariwo tó wà lórí afárá yẹn lónìí, ká ní àwọn àgbà ìgbà náà gbọ́ ọ ni, wọn ì bá ní ayé ti bàjẹ́.

Ìyá tó bí ìyá mi ló mú mi mọ afárá náà. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, àmọ́ ọ̀dọ̀ wa ní Èbúté Mẹ́ta ló ń gbé lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ẹja gbígbẹ ló ń tà ní Èbúté Èrò. Láti nǹkan bí 1966 ni mo ti ń tẹ̀ lé e lọ sọ́jà lọ́jọ́ Sátidé. A ó gba Ọ̀yìngbò, a ó gba iwájú ibùdókọ̀ ojú irin ní Ìddó, níbi tí àwọn Hausa ti ń já àpò alùbọ́sà àti ẹ̀wà tí rélùwéè kó wá láti òkè Ọya, lẹ́yìn náà la ó wá gun afárá. Bọ́ọ̀sì LMTS wà nígbà náà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n, àmọ́ Ìyá Àgbà kì í wọ̀ ọ́ àfi tí ẹrù rẹ̀ bá wúwo kọjá agbára. Ó ní ẹni tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì kò lè kí ẹnikẹ́ni.

Tí o bá ti Ìddó ń bọ̀, ọwọ́ òsì rẹ ni ọ̀sà tó ṣí sílẹ̀ gbalaja. Ibẹ̀ ni ojú mi máa ń wà. Mo máa ń rí igi gẹdú tí wọ́n so pọ̀ gbọọrọ, tí wọ́n ń fà bọ̀ láti ìhà Oǹdó gba Ẹ̀pẹ́ wá sí Òkóbàbá, níbi tí wọ́n ti ń là á sí pákó. Àwọn ọkọ̀ onígbòkun ń ti Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ pẹ̀lú gààrí, ẹja, àti àgbàlagbà obìnrin tó ń sun oorun lórí ẹrù. Àwọn Ìlàjẹ àti Ègùn wà níbi àwọ̀n wọn, wọ́n á dúró sórí ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọkọ̀ náà kò sì ní dojú dé. Lọ́wọ́ ọ̀tún, èéfín ilé iṣẹ́ mànàmáná Ìjọ́rà ń lọ sókè, àwọn ẹ̀rọ tó ń gbẹ́rù ní Àpápá sì ń na ọwọ́ lókèèrè. Ọwọ́ irin afárá náà máa ń gbóná tí oòrùn bá ti là, síbẹ̀ mi ò jẹ́ fi í sílẹ̀.

Bí a bá dé ìwọ̀n àárín afárá, Ìyá Àgbà á dúró. Á fi ọwọ́ òsì di agbọ̀n orí rẹ̀ mú, á fi ọ̀tún tú kókó ìdí ìró rẹ̀, á mú pẹ́nì kan jáde, pẹ́nì oníhò láàárín tí gbogbo wa ń ná nígbà náà. “Ọ̀sà o, èmi náà ni o. Bí mo ṣe ń lọ, jẹ́ kí n bọ̀. Ọmọ tó tẹ̀ lé mi, má wò ó.” Á ju pẹ́nì náà sómi. Kì í wo ibi tó bọ́ sí. Èmi ni mo máa ń wò ó, torí pé pẹ́nì kan á ra ẹ̀pà fún mi.

Ìrun márààrún ni Ìyá Àgbà ń kí o, kì í sì í pa ààwẹ̀ kankan jẹ nínú Ramadan. Nígbà tí mo wọ ilé-ìwé girama, tí mo rò pé mo ti gbọ́n, mo bi í bóyá kì í ṣe ẹbọ ni ohun tó ń ṣe yìí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Àbẹ̀kẹ́, ta ló rúbọ? Tí o bá gba ojúde ẹlòmíì kọjá, ṣé o ò ní kí i ni? Ọlọ́run ló dá Ọ̀sà. Èmi kì í bọ ọ́, mò ń kí i ni.” Mi ò rí èsì fún un. Títí di òní, mi ò tíì rí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sì rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó kí àwọn oníwàásù onígbohùngbohùn tó dé: ẹni tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀ náà ló ń tẹ́ aṣọ Èyọ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ tí ìlú bá máa dáyọ̀.

Nípa ẹni tí à ń kí, ohun tí Ìyá Àgbà sọ fún mi ni pé Olókun ló ni òkun, Ọlọ́sà ló ni ọ̀sà, ìyàwó Olókun sì ni. Ọ̀nì ni ìránṣẹ́ rẹ̀. Òyìnbó ajagun kan tó ń jẹ́ A. B. Ellis, tó kọ ìwé nípa àwa Yorùbá ní 1894, kọ ohun kan náà sílẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo kà á ní ilé ìkàwé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, pé ohun tí ìyá ẹlẹ́ja kan ń sọ létí mi lórí afárá kò yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń sọ ní Èkó kí afárá kankan tó wà.

Òfin afárá náà kò pọ̀. A kì í tutọ́ sómi. A kì í nàka sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lábẹ́ afárá. Tí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ lórí afárá lọ́sàn-án gangan, o ò gbọ́dọ̀ dáhùn, torí o ò mọ̀ bóyá ènìyàn ló pè ọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló kó bá mi jù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì wa rí mi lórí Carter lọ́jọ́ kan, ó ń pè mí, ó ń pè mí, mo ń yára lọ ni, mo sì fi ọwọ́ di etí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, wọn ò kọ́ ọ ní òfin afárá nílé, kò sì gbà pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà.

Ìtàn bí wọ́n ṣe kọ́ afárá náà ni Ìyá Àgbà fẹ́ràn jù. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní nígbà tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ ń ri òpó, ohun tí wọ́n bá rì lójú ọ̀sán, kí ilẹ̀ tó mọ́, omi á ti tú u. Wọ́n ṣe é, ṣe é, ó sú wọn. Ìgbà náà ni wọ́n wá bẹ àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn yẹn sì gbé igbá kan lọ sójú omi lóru. Kí ló wà nínú igbá? “Ẹni tó gbé e kò sọ, ẹni tí kò gbé e kò mọ̀.” Láti ọjọ́ náà ni òpó ti dúró. Ó ní Gómìnà Carter pàápàá kò dúró rí afárá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, pé Ọ̀sà ló lé e.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Gilbert Carter ṣe gómìnà Èkó láti 1891 títí di 1897. Wọ́n gbé e lọ sí Bahamas, ìyẹn àwọn erékùṣù tí omi yí ká níbi gbogbo. Nígbà tí wọ́n ṣí afárá náà ní 1901, William MacGregor ló wà lórí àga. Bí Ọ̀sà bá lé Carter lóòótọ́, ọwọ́ omi mìíràn ló lé e sí.

Rélùwéè ló bí afárá náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ìddó ni ọkọ̀ ń dúró sí, Erékùṣù Èkó sì ni ọjà àti èbúté àwọn oníṣòwò wà. Èkùrọ́ àti epo tó bá ti òkè wá kò lè máa dúró de ọkọ̀ ọ̀pá lójoojúmọ́. Wọ́n kọ́ afárá Denton láti Èbúté Mẹ́ta wọ Ìddó, wọ́n kọ́ Carter láti Ìddó wọ Èkó, ẹsẹ̀ èrò sì já. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò sọdá ni ìyà jẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyá Ìyá Àgbà wà nínú wọn, òun gan-an ló sì kọ́kọ́ sọ ìtàn òpó tí omi ń tú nínú ẹbí wa. Mo ti rò ó, mo fura pé àwọn ọlọ́kọ̀ yẹn ló dá ìtàn náà sílẹ̀. Ta ni ì bá tún máa gbàdúrà kí òpó wó ju ẹni tí òpó fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀? Ìyá Àgbà kò fẹ́ gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwé ló ń bà mí lórí jẹ́.

Ìtàn iwin afárá náà tún wà. Ìyá Àgbà ní nígbà tí òun kéré, gbogbo ọmọdé Ìsàlẹ̀ Èkó ló mọ̀ pé iwin kan ń gba orí Carter kọjá lóru. Ojú kan ló ní, ojú náà sì ń tàn. Èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Afárá á máa gbọ̀n tó bá ń bọ̀, òórùn rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ dé, kí a tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ó sọ ọ́ débi pé ojora mú mi, kó tó wá bú sẹ́rìn-ín: ọkọ̀ ojú irin kékeré tí ìjọba gbé wá ní 1902 ni, tíráàmù onísítíìmù tó ń ti Ìddó wọ Èkó. Ó kó èrò, ó kó ẹrù, ó sì ń kó ìgbẹ́ ará ìlú lọ dànù ní òru. Ní 1933 ni wọ́n dá a dúró. Ìyá Àgbà ní àwọn ọmọ tó bá ya pòkíì, ìyá wọn kì í dẹ́rù bà wọ́n pẹ̀lú ọ̀nì tàbí egúngún. “Iwin onígbẹ̀ẹ́ á gbé ẹ lọ sí Ìddó” ni wọ́n ń wí.

Ìgbà tèmi náà ní tirẹ̀, àmọ́ kò pani lẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Afárá Èkó ní 1965, afárá kejì tó máa so Erékùṣù pọ̀ mọ́ ìlú tó wà lókè omi, gbogbo àdúgbò wa ló kún fún ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ. Wọ́n ní orí ọmọdé ni wọ́n ń fi sí ìdí òpó. Ìyá mi ò jẹ́ ká jáde lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú. Tí wọ́n bá rán wa níṣẹ́ sí Ìjọ́rà, méjìméjì la ń lọ. Ọmọ kankan kò sọnù ládùúgbò wa ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ náà fi lọ. Mo ti wá dàgbà báyìí, mo ti tọ́ ọmọ, mi ò sì fi àwọn ìyá yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́: ibi tí wọ́n ti ń ri òpó, tí ihò ńlá wà níbi gbogbo, tí irin ń wọ́lẹ̀ láti òkè, kí ni ọmọ ọdún méje ń wá níbẹ̀? Ẹ sọ fún ọmọdé pé kó má lọ síbẹ̀ nítorí ihò, yóò lọ wo ihò náà.

Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, Sójà Ìdúmọ̀tà ló ń kí wa káàbọ̀, ère tí ìjọba òyìnbó gbé kalẹ̀ láti rántí àwọn ọmọ ogun. Àwa ọmọdé gbà pé ènìyàn ni tẹ́lẹ̀, àti pé lóru ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wẹ̀ nínú ọ̀sà. Wọ́n ti gbé e kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn wa kò mọ̀ pé ère kan dúró níbẹ̀ rí, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ kí awakọ̀ máa pe orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1972 àti 1973 ni wàhálà Ìyá Àgbà pẹ̀lú afárá bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, 1972, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Kò mọ apá ibi tí ọkọ̀ yóò ti yọ sí i mọ́. Ó máa ń dúró ní ẹnu afárá, á máa yí orí sọ́tùn-ún sósì, á sì máa ṣépè fún ẹni tó yí ayé padà. Kó tó bọ́ nínú ìyẹn, oṣù kìíní 1973 dé, wọ́n ní pọ́n-ùn àti ṣílè ti parí, náírà àti kọ́bọ̀ ló kù. Ìyá Àgbà kó gbogbo pẹ́nì oníhò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú àpò kékeré kan, ó kọ̀ láti pààrọ̀ wọn ní báńkì. Ó ní kọ́bọ̀ dára fún ọjà, àmọ́ omi kò tíì mọ owó tuntun. Pẹ́nì ló ń jù sọ́sà títí àpò náà fi gbẹ.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970 yẹn ni wọ́n tú Carter àtijọ́ palẹ̀, wọ́n sì fi èyí tó wà lónìí rọ́pò rẹ̀. Kọnkéré ni, ó ga, ó fẹ̀, ọkọ̀ lè sáré lórí rẹ̀. Mo wà ní yunifásítì nígbà náà. Nígbàkígbà tí mo bá wálé, ìbéèrè kan náà ni Ìyá Àgbà ń bi mí: nígbà tí wọ́n fa òpó àtijọ́ tu, kí ni wọ́n rí nísàlẹ̀? Ṣé wọ́n rí igbá? Ṣé wọ́n rí pẹ́nì? Ó dà bíi pé ó ń retí kí ẹnìkan wá dá owó rẹ̀ padà fún un. Mi ò mọ ẹni tí mo lè bi. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, wọ́n sì ní iṣẹ́ láti ṣe.

Láti ìgbà náà la ti dẹ́kun fífẹsẹ̀ rìn ín. Kò sẹ́ni tó kà á léèwọ̀ fún wa. Mólùẹ́ àti dánfó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, eré wọn le, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà sì ti ń dùn ún. Inú ọkọ̀ ló ti ń kí Ọ̀sà, ẹnu rẹ̀ á máa mì, kọ́ńdọ́ á sì máa rò pé òun ló ń bá wí.

Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ pé kíkí yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ṣẹlẹ̀ ní 1984. Ní ọdún yẹn ni ewéko ojú omi kan, tí a kò rí irú rẹ̀ rí, gba odò Badagry wọlé, ó sì tàn ká gbogbo ọ̀sà wa. Òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò dùn ún wò, àmọ́ àwọn apẹja ń sunkún. Àwọ̀n kò wọ omi, ẹ̀rọ ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́. Ìwé ìròyìn ń pariwo. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí Ìyá Àgbà lọ́jọ́ kan. Ó ní kí n wo ó nígbà ọyẹ́, iyọ̀ ló máa pa á. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Nígbà òjò, Ògùn, Ọ̀ṣun àti àwọn odò yòókù ń da omi dídùn sínú ọ̀sà, ewéko náà á sì máa gbèrú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò á fà, omi òkun á gba ẹnu èbúté wọlé, omi ọ̀sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Èkó á di oníyọ̀, ewéko náà á sì rọ. Ìyá tí kò mọ ìwé kà mọ èyí kí àwọn onímọ̀ tó wá sọ ọ́ lórí rédíò, nítorí pé gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń wo omi yẹn láti orí afárá, tó ń bi àwọn apẹja ní irú omi tí wọ́n rí lónìí kó tó bá wọn nájà.

Wọ́n ṣí odindi afárá Third Mainland ní 1990. Ó gùn tó kìlómítà 11.8, kò sì sí èyí tó gùn tó o nílẹ̀ Áfíríkà nígbà náà. Mo fi ọkọ̀ mi gbé Ìyá Àgbà gba orí rẹ̀. Ó wo omi lọ́tùn-ún, ó wo àwọn ilé orí igi ní Makoko. Gbólóhùn kan ló sọ kó tó sùn lọ: “Ibo ni wọ́n ń dúró sí níbí?” Kò sí ibi ìdúró. Wọn ò kọ́ ọ fún ẹni tó máa dúró.

Afárá yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀, inú dánfó la sì ti ń gbọ́ ọ: mámíwọ́tà ń dá ọkọ̀ dúró ní aago méjì òru, arẹwà obìnrin kan wọ ọkọ̀, ìjókòó rẹ̀ tutù nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lónírúurú, mi ò sì gbádùn ọ̀kan nínú wọn. Obìnrin inú ìtàn yìí kò lórúkọ, kò ní ọkọ, kò ní ìlú, kò bá ẹnikẹ́ni ní májẹ̀mú. Ẹ̀rù lásán ló ń bani. Ọ̀sà tí Ìyá Àgbà mọ̀ ní orúkọ, ó ní ìránṣẹ́, ó mọ ẹni tó kí i àti ẹni tí kò kí i. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò ju ìyára ọkọ̀ lọ. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ní àyè láti mọ ohun tó ń rìn lé lórí.

Ohun kan wà tí Ìyá Àgbà máa ń sọ tí mo fojú ìtàn wò nígbà náà: ó ní Ọ̀sà ń jẹ ẹsẹ̀ afárá. Ó ní kí n wo bí omi ṣe ń yí nídìí òpó nígbà tó bá ń fà padà sókun. Mo wò ó, mo rí i, mo rò pé eré ni omi ń ṣe. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń wí lónìí náà nìyẹn. Ibi tí omi ti gbòòrò tó wá fún ara rẹ̀ wọ àárín Ìddó àti Èkó, eré rẹ̀ á pọ̀ sí i, á yí ìdí òpó po, á sì máa kó iyanrìn ìdí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.  Ìjọba ti ké títí lórí àwọn tó ń wa yanrìn lábẹ́ àwọn afárá Èkó, pé wọ́n ń bá omi tú ìdí òpó. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kéde ní 2025 pé ìdí Carter ti bàjẹ́ kọjá ohun tí a lè máa lẹ̀, pé tuntun ló kù láti kọ́.

Ìkéde yẹn ló gbé mi lọ síbẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìddó, mo sì fẹsẹ̀ gun afárá. Ọ̀nà tó kù fún ẹlẹ́sẹ̀ kò fẹ̀ ju ìtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ méjì lọ. Dánfó ń fọn fèrè mọ́ mi lẹ́yìn, kọ́ńdọ́ ń pe Ọ̀bàlẹ́ńdé sí mi létí. Mo rìn dé ibi tí mo lérò pé àárín ni, mo fọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo bojú wo omi. Ó dúdú, ọ̀rá sì wà lójú rẹ̀, àmọ́ àwọn ọkọ̀ apẹja ṣì wà níbẹ̀. Kí n tó sọ ohunkóhun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti di apá mi mú. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má bẹ́ o!” Ẹlòmíì ti ń sáré bọ̀. Awakọ̀ kan dẹ eré rẹ̀, ó ń gbàdúrà fún mi láti ojú fèrèsé.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Látọdún 2017, lẹ́yìn tí a gbọ́ nípa àwọn tó bẹ́ láti orí Third Mainland, ẹnikẹ́ni tó bá dúró lórí afárá l'Ékòó, èrò kan ṣoṣo ni wọ́n ń rò sí i. Mo ṣàlàyé pé omi ni mo wá kí. Obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wá kí omi? Ó dá yín lóhùn?” Mo wá owó onírin nínú àpò mi, kò sí. Ta ló ń ná kọ́bọ̀ mọ́? Owó bébà ló wà lọ́wọ́ mi, owó bébà kì í sì í rì. Wọ́n sìn mí dé Ìdúmọ̀tà bí ẹni ń sin aláìsàn.

Mo mọrírì àánú wọn, àmọ́ inú bí mi díẹ̀. Ìlú tí omi yí ká ni Èkó. Ọ̀sà tó wà níbẹ̀ kò jìn, ọ̀pọ̀ ibi ni kò ju ìwọ̀n gíga ènìyàn lọ, oúnjẹ sì ń ti inú rẹ̀ wá. Ó yẹ kó lè ṣeé ṣe fún ọmọ ìlú láti dúró lórí afárá kó wo omi láìjẹ́ pé wọ́n rò pé ó fẹ́ kú. Ibi tí ojú kò bá ti lè wo omi, ẹnu kò ní rí nǹkan kan sọ nípa rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa tètè rí i pé iyanrìn ìdí òpó ń lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ó ya àwòrán Carter tuntun, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Ẹ ronú kan ọkọ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ó fẹ̀ tó láti gba aláàárù àti ìyá tó gbé agbọ̀n, ẹ fi ọwọ́ irin gíga sí i tí ọmọdé kò fi ní ṣubú, kí ẹ sì ṣe ibi ìdúró sí àárín rẹ̀ ní ìhà tó kọjú sí ọ̀sà.